Kí ni kámẹ́rà lè mú lára ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọnà?

Ó ṣeé ṣe kí fọ́nrán náà ti bọ́ sórí fóònù yín rí. Obìnrin kan jókòó sídìí tábìlì nínú gbọ̀ngàn ńlá, ó wọ aṣọ pupa tó gùn dé ilẹ̀, ó di ojú. Ọkùnrin kan tí ewú ti gba irùngbọ̀n rẹ̀ wá jókòó síwájú rẹ̀. Obìnrin náà la ojú, ó rí ẹni tó jókòó, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ó na ọwọ́ méjèèjì kọjá orí tábìlì, ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, èrò ìwòran sì pàtẹ́wọ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé olólùfẹ́ àtijọ́ ni wọ́n, pé ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti fojú kanra kẹ́yìn, pé ṣe ni ọkùnrin náà kàn yọ sí i lójijì.

Apá kan níbẹ̀ jẹ́ òótọ́. Obìnrin náà ni Marina Abramović, ọkùnrin náà ni Ulay, oníṣẹ́ ọnà ni àwọn méjèèjì. Inú Museum of Modern Art, mùsíọ̀mù iṣẹ́ ọnà ní New York, tí wọ́n ń pè ní MoMA, ni wọ́n wà, níbi ìpàtẹ iṣẹ́ Marina, ní oṣù Kẹta ọdún 2010. Olólùfẹ́ ni wọ́n lóòótọ́, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún 12, láti 1976 títí di 1988. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ríra. Ní 1999 wọ́n ti jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pa pọ̀. Ẹni tó bá sì wo dókúmẹ́ńtárì tí Matthew Akers ṣe nípa Marina, èyí tó jáde ní 2012, yóò rí i pé àwọn méjèèjì ti jókòó ti ara wọn, wọ́n ti sọ̀rọ̀ àtijọ́, wọ́n ti rẹ́rìn-ín, kí ìpàtẹ náà tó bẹ̀rẹ̀. Omijé náà kì í ṣe irọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni kò tọ́.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ níbí ni pé fọ́nrán kékeré yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí wọ́n bá wá gbọ́ pé ẹnì kan fi oṣù pípẹ́ gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé obìnrin tó ń jókòó sórí àga láìsọ̀rọ̀, ìbéèrè á pọ̀. Ṣé kì í ṣe pé ó ń polówó rẹ̀ ni? Ṣé ẹni tó ya fíìmù nípa ẹni tí ayé ń bú ti gbè sẹ́yìn ẹni náà nìyẹn? Àti pé kí ni èèyàn fẹ́ yà níbẹ̀ gan-an? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló ká mi lára jù, nítorí pé òun ni kọ́kọ́rọ́ sí ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní “performance art” lédè Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́. Èdè wa ò tíì ní orúkọ kan tí gbogbo wa fẹnu kò lé lórí fún un. Bí a bá pè é ní eré, a ti ṣì í gbọ́, nítorí pé nínú eré, ẹ̀tàn ni ọ̀bẹ, omi pupa ni ẹ̀jẹ̀, òkú tó sùn sílẹ̀ yìí náà ló máa dìde lọ gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe bí ẹlòmíràn. Bí agbẹ́gilére ṣe ń lo igi ni òun ń lo ara rẹ̀: awọ ara, èémí, oorun, ìrora, ebi, àti àkókò. Èmi yóò máa pè é ní iṣẹ́ ọnà àfaraṣe nínú àlàyé yìí, kí a ṣáà lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Apá kan wà nínú fíìmù Akers tó jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí hàn kedere ju ìwé lọ. David Blaine, onídán ará Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀, fẹ́ kí òun àti Marina jọ ṣe nǹkan kan. Inú Marina dùn sí i. Ọkùnrin tó ń bá a ta iṣẹ́ rẹ̀, Sean Kelly, ló kọ̀ jálẹ̀. Ohun tó dì mú ni pé ìtànjẹ ojú ni idán, tí iṣẹ́ Marina sì dúró lórí pé kò sí ìtànjẹ kankan nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé idán ni, gbogbo ohun tó ti fi ara rẹ̀ san fún nǹkan bí ogójì ọdún nígbà yẹn ti di asán nìyẹn.

Kí ló ti fi ara rẹ̀ san? Ní 1974, ní ìlú Naples ní Ítálì, ó to nǹkan 72 sórí tábìlì. Òdòdó wà níbẹ̀, oyin wà níbẹ̀, ìyẹ́ wà níbẹ̀. Sísọ́ọ̀sì àti abẹ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìbọn àti ọta kan ṣoṣo. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí àwọn tó wá lo ohunkóhun tó bá wù wọ́n lára òun bó ṣe wù wọ́n, pé òun ni ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ máa wà lọ́rùn. Ó wá dúró fún wákàtí 6, kò mira. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń ròyìn rẹ̀, jẹ́jẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gé aṣọ lára rẹ̀, wọ́n fi abẹ kọ ọ́ lára, ẹnì kan sì ki ọta sínú ìbọn ó gbé e lé e lọ́wọ́, kí àwọn mìíràn tó já a gbà. Nígbà tí àkókò pé tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ṣe ni wọ́n sá.

Kò sí ibi tí a ti lè wo wákàtí 6 yẹn lónìí. Fọ́tò tó dúró sójú kan ló ṣẹ́kù. Èmi ti wo àwọn fọ́tò náà dáadáa, mo sì lè sọ fún yín pé ojú àwọn tó yí i ká ló ń dẹ́rù bani ju ojú Marina lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà dé ibẹ̀.

Irú iṣẹ́ báyìí kò lè ṣàì dá awuyewuye sílẹ̀. Ní 1977, òun àti Ulay dúró ní ìhòòhò ní ẹnu ọ̀nà mùsíọ̀mù kan ní Bologna, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fara gbá wọn kọjá, kó sì yan ẹni tí òun máa kọjú sí. Ọlọ́pàá ló dá a dúró. Ní 1997, ní Venice, ó jókòó sórí òkìtì egungun màlúù tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára wọn, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n lọ́jọ́ dé ọjọ́, ó ń kọ orin ìgbà èwe rẹ̀, torí ogun tó fa ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí ya. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Golden Lion, àwọn mìíràn sì bínú kúrò níbẹ̀ nítorí òórùn. Ní 2016, nígbà tí WikiLeaks, àwọn tó ń tú ìwé àṣírí síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tú àwọn lẹ́tà íméèlì kan síta lákòókò ìbò Amẹ́ríkà, wọ́n rí orúkọ rẹ̀ nínú ọ̀kan tó jẹ́ ìpè sí àsè alẹ́, ni àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá sọ ọ́ di abọ̀rìṣà Sàtánì. (Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ Sàtánì níbẹ̀. Àwọn kan nínú wa ti fi “Èṣù” tú ìròyìn yẹn sí Yorùbá, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí kò kan Èṣù bà á lórúkọ jẹ́. Ó ń dùn mí.) Ẹ̀sùn yẹn kò tíì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ní 2020 Microsoft yọ ìpolówó kan tí Marina wà nínú rẹ̀ kúrò lójú ayé nítorí àwọn tó tún gbé e dìde.

Báyìí, kí ni dókúmẹ́ńtárì tó ń ya àwòrán ẹnì kan? Kì í ṣe fíìmù ìtàn ìgbésí ayé tí òṣèré ti máa ń ṣe bí ẹni náà. Kì í ṣe ìròyìn tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Kì í sì í ṣe fọ́nrán iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, tí a kàn gbé kámẹ́rà kalẹ̀ tó ń yí. Ohun tó sún mọ́ ọn jù nínú ohun tí àwa mọ̀ ni oríkì. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìyìn lásán ni oríkì, àṣìrò sì ni. Ẹ tẹ́tí sí ìyá àgbà tó mọ oríkì ìdílé yín délẹ̀délẹ̀: ó máa kan ìjà tí bàbá ńlá yín jà tí kò yẹ kó jà, ó máa kan àléébù, ó máa kan ohun tí ẹbí ì bá fẹ́ kó dákẹ́ lé lórí. Ó ń ki yín, kò sì pa yín mọ́. Onírárà òde àríyá tó ń wo ọwọ́ olówó lójú nìkan ló ń fi adùn nìkan sí i. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn méjèèjì yìí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin dókúmẹ́ńtárì àti ìpolówó.

Ìbéèrè tí ẹ fi máa dá wọn mọ̀ kò le. Ta ló ní àṣẹ ìkẹyìn lórí ohun tó jáde? Ẹni tí à ń yà lè sanwó fún fíìmù rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì pàṣẹ kí wọ́n gé ohun tí kò bá wù ú kúrò. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń wò ó mọ ohun tó ń wò. Nínú dókúmẹ́ńtárì tòótọ́, olùdarí lè fi fíìmù han ẹni náà kó tó jáde, ó lè gbọ́ àròyé rẹ̀, ó lè ṣàtúnṣe bí ọjọ́ tàbí orúkọ kan bá ṣì. Ọwọ́ olùdarí ni ọ̀bẹ wà. Ìwé àdéhùn ni wọ́n fi ń ti èyí lẹ́yìn, kí kámẹ́rà tó yí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé lẹ́yìn ọdún kan tí ẹ ti jọ jẹun, tí ẹ ti jọ sunkún, kò rọrùn mọ́ láti sọ pé “èmi ni mo máa pinnu”.

Ibi tí ó ti le nìyẹn. Láti ya àwòrán ẹnì kan dáadáa, ẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì sún mọ́ ọn, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀, tàbí kí ẹ kórìíra rẹ̀, méjèèjì sì lè bo ojú yín. Oníṣẹ́ àfaraṣe tún wá le ju olóṣèlú tàbí olórin lọ ní ti èyí, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kí á máa wo òun. Kò sí ẹni tó mọ bó ṣe ń rí lára kí ojú èèyàn wà lára ẹni tó òun. Bí ó bá ń sunkún níwájú kámẹ́rà, ṣé òun ló ń sunkún ni àbí iṣẹ́ rẹ̀? Èmi ò gbà pé ìdáhùn kan wà sí ìyẹn, mi ò sì gbà pé ó pọn dandan kí olùdarí dáhùn rẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó dúró pẹ́ tó fi máa rí ẹni náà níbi tí àárẹ̀ ti mú un, níbi tó ti ń ka owó, níbi tí ara ti ń ro ó.

Àkókò ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Marina jókòó ní MoMA láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta di ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2010, ní gbogbo ọjọ́ tí ilé náà bá ṣí, ní gbogbo wákàtí tó bá fi wà ní ṣíṣí. Bí a bá kó wákàtí náà pọ̀, ó lé ní 700. Kò sọ̀rọ̀, kò jẹun, kò dìde. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè tò, kó wá jókòó síwájú rẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tó bá wù ú. Ó lé ní 1,500 èèyàn tó jókòó. Fíìmù Akers kò tó wákàtí méjì. Ẹ wo bí ìṣirò yẹn ṣe rí: ohun tí kò hàn nínú rẹ̀ fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí ju ohun tó hàn lọ.

Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé kámẹ́rà kò lè gbé iṣẹ́ náà. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ gbọ́ èémí rẹ̀, ó rí i pé ó ń wo òun, òun nìkan, láàrin ariwo gbọ̀ngàn. Èmi tí mo wo fíìmù lórí àga tìmùtìmù nílé, tí mo lè dá a dúró kí n lọ bu omi mu, kò sí nǹkan tó jọ ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Olùdarí tó bá rò pé òun lè gbé jíjókòó yẹn wá sí iwájú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́, kódà bí gbogbo àwòrán rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́.

Kí ló wá lè gbé? Àwọn ẹlẹ́rìí. Ẹ rántí fọ́tò Naples. Apá tó lágbára jù nínú fíìmù 2012 náà kì í ṣe ojú Marina, ojú àwọn tó wá jókòó ni. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀kan le ojú bí ẹni fẹ́ jà, ọ̀kan kò tíì jókòó dáadáa tí omijé fi dé. Ọkùnrin kan wà tó padà wá jókòó nígbà 21. Àwọn mìíràn sùn sí ìta ilé náà mọ́jú kí wọ́n lè wà níwájú nígbà tí ìlẹ̀kùn bá ṣí. Ọ̀dọ́bìnrin kan dé ìdí àga, ó bọ́ aṣọ rẹ̀ kúrò, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì mú un jáde. Níta, ó ń sunkún, ó ń ṣàlàyé pé ohun tí òun rò pé iṣẹ́ náà ń béèrè lọ́wọ́ òun ni òun ṣe. Mo ti ronú lórí ọmọbìnrin yẹn púpọ̀. Nínú ilé kan náà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn ọ̀dọ́ tí Marina kọ́ níṣẹ́ dúró ní ìhòòhò lójoojúmọ́, wọ́n ń tún àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ṣe, iṣẹ́ ọnà sì ni wọ́n pè é. Tirẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Fíìmù náà kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níbẹ̀, ó kàn fi ọmọ náà hàn wá pẹ́ tó kí ọ̀rọ̀ náà lè máa dà wá láàmú. Ohun tí mo ń pè ní àwòrán nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn náà ò parí síbẹ̀. Àwọn òǹwòran kan fọwọ́ kàn wọ́n láìtọ́, ilé náà sì lé irú àwọn òǹwòran bẹ́ẹ̀ jáde. Ní 2024 ọ̀kan nínú wọn pe MoMA lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí èmi bá máa ya irú fíìmù báyìí lónìí, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa kọ́kọ́ lọ. Gbajúmọ̀ máa ń rí ẹni sọ̀rọ̀ fún un, ọmọṣẹ́ kì í rí.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìbéèrè tí ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀: bí ẹni tí à ń yà bá ń ṣe ara rẹ̀ léṣe ńkọ́? Bob Flanagan, ará Kalifóníà, ní àìsàn kan tí wọ́n bí mọ́ ọn, tó ń dí èémí nínú ẹ̀dọ̀fóró, tó sábà máa ń pa ọmọ kí ó tó dàgbà nígbà yẹn. Ó gbé e dé ẹni ọdún 43. Ohun tó fi ṣe iṣẹ́ ọnà ni ìrora: ó ń fi ìrora tí òun yàn bá ìrora tí òun kò yàn jà, níwájú èèyàn. Kirby Dick ya fíìmù rẹ̀, Bob sì fẹ́ kí kámẹ́rà wà níbẹ̀ títí dé òpin. Ó kú ní oṣù Kìíní 1996, fíìmù náà jáde ní 1997, ikú rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ó le wò, mi ò ní tan yín. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nípa ìyọ̀ǹda ni pé kì í ṣe ìwé kan tí èèyàn tọwọ́ bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó sọ pé “ẹ máa yà mí” lónìí lè fẹ́ kí ẹ dá a dúró lọ́la, nígbà tí kò ní agbára ohùn mọ́. Àfi kí ẹ máa béèrè léraléra, kí ẹ sì ní ẹnì kan lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́, tó lè sọ pé ó tó. Bob ní Sheree Rose, alábàáṣiṣẹ́ àti olólùfẹ́ rẹ̀.

Òfin tún jẹ́ ọ̀nà mìíràn tí ewu lè gbà wọlé. Ní oṣù Kọkànlá 2015, Pyotr Pavlensky, oníṣẹ́ àfaraṣe ará Rọ́ṣíà, da epo sí ìlẹ̀kùn iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Rọ́ṣíà, FSB, ní Moscow, ó ṣáná sí i, ó sì dúró de ọlọ́pàá. Àwọn akọ̀ròyìn tó wá ya fọ́nrán níbẹ̀ náà bá a wọ àtìmọ́lé. Bí oníṣẹ́ bá sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé òun fẹ́ dáná sun nǹkan, ṣé ẹlẹ́rìí ni yín àbí alájọṣe? Àwọn agbẹjọ́rò lè dáhùn èyí ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi wọ́n kí ẹ tó gbé kámẹ́rà. Ní ti Pavlensky, ohùn tí à ń gbà sílẹ̀ ti di ara iṣẹ́ náà gan-an: nínú ẹjọ́ mìíràn tó ṣáájú èyí, ó gba ohùn ara rẹ̀ àti ti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò sílẹ̀, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde. Òṣìṣẹ́ náà fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ó di agbẹjọ́rò.

Ẹ má rò pé òkèèrè nìkan ni èyí wà. Jelili Atiku, ọmọ Ẹ̀jìgbò ní Èkó, ti ń ṣe iṣẹ́ ọnà àfaraṣe ní ìgboro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó gba ẹ̀bùn Prince Claus láti ilẹ̀ Nẹ́dálándì ní 2015. Ní oṣù Kìíní 2016, ó ṣe iṣẹ́ kan ní Ẹ̀jìgbò tó fi orúkọ Aragamago, ẹyẹ tí Ifá dárúkọ, sọ ọ́. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ti mú un, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ da àlàáfíà ìlú rú, ó sì rí ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó yọ̀ǹda béèlì rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹjọ́ náà kú.

Ẹni tó bá máa ya àwòrán irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìṣòro tí Akers kò ní. Kò sí ìlẹ̀kùn ní ìgboro, kò sí àga tí èèyàn ń tò dé ìdí rẹ̀. Ọmọ iléèwé, oníbàtà, ìyá tó ń ta èlùbọ́, ọlọ́kadà, gbogbo wọn ti bọ́ sínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè lọ́wọ́ wọn. Èrò wa kì í sì í dúró wòran lásán: wọ́n ń fèsì, wọ́n ń kọrin lé e, wọ́n ń ṣépè, wọ́n ń sá. Oníkámẹ́rà tó bá gbájú mọ́ Jelili nìkan ti sọ ìdajì iṣẹ́ nù. Ṣùgbọ́n ojú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn lè di ẹ̀rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá lọ́la, torí náà ibi tí ẹ tọ́jú fọ́nrán sí di ọ̀rọ̀ ààbò wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ìṣẹ̀ṣe. Bí iṣẹ́ náà bá yá nǹkan lára egúngún tàbí Orò, àwọn ohun kan wà tí kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ rí. Ẹ bi àwọn tó ni ín. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí fíìmù sọ gbangba pé nǹkan kan wà níbí tí a kò yà. Mi ò rò pé fíìmù máa kéré sí i nítorí bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ní 2015, ọdún márùn-ún lẹ́yìn omijé tó yí ayé po yẹn, Ulay pe Marina lẹ́jọ́ ní Amsterdam. Ó ní kò tẹ̀ lé ìwé àdéhùn 1999: kò san ẹ̀tọ́ òun pé lórí àwọn iṣẹ́ àjọṣe wọn, kò sì dárúkọ òun bó ṣe yẹ. Ní 2016 ilé ẹjọ́ dá Ulay láre, wọ́n ní kí Marina san owó tó lé ní 250,000 yúrò fún un. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń jà sí. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti tán láti ọdún gbọọrọ, kò sẹ́ni tó lè tà á. Fọ́tò àti fọ́nrán ló ń mówó wọlé. Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́nrán iṣẹ́ àtijọ́ sínú dókúmẹ́ńtárì yín, ẹ wádìí ẹni tó yà á, ẹni tó wà nínú rẹ̀, àti ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé. Àwọn méjèèjì parí ìjà lẹ́yìn náà. Ulay kú ní oṣù Kẹta 2020. Fíìmù 2012 kò mọ ìkankan nínú èyí, kò sì lè mọ̀ ọ́n, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n bá gé àwòrán tán ni ó dúró, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń bá ayé rẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ọkùnrin kan sí i, ẹni tó sọ ohun tí kámẹ́rà rẹ̀ kò mú ní gbangba. Tehching Hsieh, ọmọ Taiwan tó ń gbé New York, ra aago irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń tẹ káàdì ní iléeṣẹ́. Láti oṣù Kẹrin 1980 di oṣù Kẹrin 1981, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, lọ́sàn-án àti lóru, ó ń dìde lọ tẹ káàdì náà. Ní ìgbàkígbà tó bá ti tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà ya àwòrán rẹ̀ ẹyọ kan. Ó ti fá orí rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n so àwọn àwòrán náà pọ̀, odindi ọdún kan di nǹkan bí ìṣẹ́jú 6, irun ń hù lórí rẹ̀ lójú wa títí ó fi dé èjìká. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún náà. Nínú wọn, 133 kò sí àwòrán fún wọn, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀: ìgbà 94 tí oorun gbé e lọ, ìgbà 29 tó pẹ́, ìgbà 10 tó tẹ̀ ẹ́ kí àkókò tó pé.